Bí A Ṣe Ń Kọ Ẹ̀dà Díìsìkì Sórí Flọ́pì Kí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Lè Jí

Ẹ̀kọ́ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọdé ò tíì fọwọ́ kàn rí. Flọ́pì ni. Àwa mọ̀ ọ́n sí àmì kékeré tí a máa ń tẹ̀ tí a bá fẹ́ tọ́jú iṣẹ́ wa pamọ́. Àwọn òbí wa ní tiwọn mọ̀ ọ́n sí nǹkan gidi: ike pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin tí wọ́n ń tì bọ ẹnu kọ̀ǹpútà, tí yóò sì máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ẹní ń họ ìkòkò.

Ìdí tí mo fi mú un wá ni pé, ní ọ̀pọ̀ ilé wa ní Calgary níbí, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan á wà ní bésímẹ́ǹtì tàbí nínú gáréèjì. Ẹlòmíì gbé tiẹ̀ wá láti ilé, ẹlòmíì rà á nígbà tó kọ́kọ́ dé. Kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jù ú nù, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ ò sí níbòmíì. Tiwa jẹ́ láptọ́ọ̀pù tí dádì mi rà n'Íbàdàn lọ́dún 1999. Inú rẹ̀ ni wọ́n tẹ oríkì ìdílé wa sí: Màmá Àgbà jókòó, wọ́n ń kì í, dádì ń tẹ̀ ẹ́. Màmá Àgbà ti di olóògbé. Bébà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí nígbà yẹn, ikán ti jẹ ẹ́. Ohun tó ṣẹ́kù wà nínú láptọ́ọ̀pù yẹn, bẹ́ẹ̀ láptọ́ọ̀pù ọ̀hún ò jí mọ́. Tí ẹ bá tàn án, ojú rẹ̀ á dúdú, á kọ ìlà funfun méjì, á dúró síbẹ̀. Windows 98 inú rẹ̀ ló bàjẹ́.

Kò lè ti ara USB jí, nítorí láyé ìgbà tí wọ́n ṣe é, wọn ò tíì kọ́ ọ nírú ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka CD lára rẹ̀ ti kú. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni ihò flọ́pì. Òótọ́ ni pé èèyàn tún lè tú láptọ́ọ̀pù, kó yọ hard disk rẹ̀, kó fi wáyà tó yẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun. Ṣùgbọ́n dádì ní kò sẹ́ni tó máa fi sukudiráfà kan nǹkan òun. Ó parí.

Jíjí tí mò ń wí yìí ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní boot. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe flọ́pì tó lè jí kọ̀ǹpútà, ohun tó máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .img. Image ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú, torí tí a bá ti gbọ́ image, àwòrán ló ń wá sí wa lọ́kàn. Èèyàn á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, á máa retí fọ́tò. Kì í ṣe fọ́tò. Lójú tèmi, ẹ̀dà ni Yorùbá tó bá a mu jù: ẹ̀dà odindi flọ́pì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti ibi tí nǹkan wà, àti ibi tó ṣófo.

Ẹ jẹ́ ká fi oko ṣe àpẹẹrẹ. Tí ẹ bá da fáìlì láti inú kọ̀ǹpútà kan sínú òmíì, iṣu lẹ kó sínú apẹ̀rẹ̀ yẹn. Ẹ lè tò ó síbi tó bá wù yín, iṣu ṣì ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń kọ ẹ̀dà díìsìkì, oko fúnra rẹ̀ lẹ ń ṣí nípò. Ebè àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bọ́ sípò ebè àkọ́kọ́, ìkejì sípò ìkejì, títí dé ààlà. Ebè kan ò gbọ́dọ̀ yẹ̀.

Ebè mélòó ló wà lórí flọ́pì? Èyí tí ayé lò jù, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 3.5, ní ojú méjì. Ojú kọ̀ọ̀kan ní ipa 80 tó yí po bí ìlà tí ẹ máa rí nínú igi tí wọ́n gé. Ipa kọ̀ọ̀kan pín sí abala 18, abala yìí ni wọ́n ń pè ní sector. Sector kan gba báìtì 512. Ẹ mú bírò: 80 lọ́nà 2 lọ́nà 18 jẹ́ 2,880. Ẹ wá fi 512 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 1,474,560. Iye báìtì tó wà lórí flọ́pì kan nìyẹn, iye yẹn géérégé náà ni fáìlì .img rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Tí èyí tí ẹ rí ò bá tó bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n fún un pọ̀ sínú zip, kí ẹ kọ́kọ́ tú u sílẹ̀, tàbí kó jẹ́ ti flọ́pì oríṣi mìíràn. (1.44MB tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, ìṣirò jágbajàgba ni. Wọ́n fi 1,024 sọ ọ́ di púpọ̀ lápá kan, wọ́n fi 1,000 lápá kejì. Tíṣà ìṣirò mi ò ní gbà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi láéláé.)

Ìṣirò yìí kan náà ló jẹ́ ká rí i pé fáìlì .img ò ṣeé dà sórí flọ́pì bí a ṣe ń da fọ́tò. Tí a bá ti ṣètò flọ́pì sílẹ̀ láti gba fáìlì, DOS á gba sector 33 lára rẹ̀ fún iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan ni ti ìbẹ̀rẹ̀. 18 ni ti ìwé àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà, ẹ̀dà méjì sì ni wọ́n ń tọ́jú nítorí àìmọ̀. 14 ni ti orúkọ àwọn fáìlì. Ohun tó kù fún wa á wá jẹ́ 2,847, ìyẹn báìtì 1,457,664. Fáìlì .img fi 16,896 ju àyè tó wà lọ! Flọ́pì ò lè gba ẹ̀dà ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì. Àfi kí a kọ ọ́ lé e lórí, sector lé sector.

Ká tiẹ̀ ní ó gbà á, kọ̀ǹpútà ò ní jí. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kọ̀ǹpútà àtijọ́, ọpọlọ rẹ̀ ṣófo, kò rántí ohunkóhun. Ohun kan ṣoṣo tó lajú níbẹ̀ ni BIOS, ètò kékeré tó wà nínú ẹ̀rọ pẹ́tẹ́ kan lára pátákó inú kọ̀ǹpútà. BIOS ò mọ fáìlì. Kò mọ orúkọ, kò mọ fódà. Ó dà bí oníbodè tí wọ́n sọ fún pé, "Ẹni tó bá jókòó sórí àga àkọ́kọ́, gbé kọ́kọ́rọ́ ìlú lé e lọ́wọ́." Yóò lọ sí sector àkọ́kọ́, yóò kó báìtì 512 tó wà níbẹ̀ sínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà, yóò sì ní kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Báìtì méjì tó gbẹ̀yìn nínú 512 yẹn ni àmì ìdánimọ̀: 55 àti AA, ní ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń kànkà. Ètò kúkúrú yìí ló máa wá fáìlì tó tóbi jù ú lọ. Lórí flọ́pì tí mo lò, KERNEL.SYS ni. Ìyẹn á pe COMMAND.COM, COMMAND.COM á sì kọ A:\> sójú ẹ̀rọ, á dúró de ohun tí ẹ fẹ́ tẹ̀.

Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé flọ́pì tí a ṣètò lásán náà ní ètò nínú sector àkọ́kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé "Non-System disk", kí ẹ mú òmíì wá. Àwọn òbí tó lo kọ̀ǹpútà láyé ìgbà yẹn á rántí gbólóhùn náà dáadáa.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Calgary gan-an wà nínú ẹ̀. Theo de Raadt, tí wọ́n bí ní Pretoria ní orílẹ̀-èdè South Africa, tó kàwé ní University of Calgary, bẹ̀rẹ̀ OpenBSD níbí lọ́dún 1995. Ètò tó ń darí odindi kọ̀ǹpútà ni, bí Windows ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni, ààbò ló sì gbájú mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gbé tuntun jáde. Lára ohun tí wọ́n ń gbé jáde ni ẹ̀dà flọ́pì tí èèyàn máa fi jí ẹ̀rọ rẹ̀ kó tó lè gbé OpenBSD sínú rẹ̀. Nínú ti 3.9 tó jáde lọ́dún 2006, mẹ́ta ló wà fún kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò: floppy39.fs, floppyB39.fs àti floppyC39.fs. Kí ló dé tí wọ́n fi jẹ́ mẹ́ta? Àyè ni. Ohun tí kọ̀ǹpútà nílò láti mọ gbogbo oríṣi ẹ̀rọ tó lè wà lára rẹ̀ ò lè wọnú báìtì 1,474,560. Torí náà, wọ́n pín in: ọ̀kan fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì lásán, B fún àwọn ẹ̀rọ ńlá, C fún láptọ́ọ̀pù. OpenBSD fúnra rẹ̀ ò sì sí lórí ìkankan nínú wọn. Flọ́pì á kàn jí kọ̀ǹpútà, á wá lọ kó ìyókù lórí CD tàbí íntánẹ́ẹ̀tì.

Wíwà tí wọ́n wà ní Kánádà ran iṣẹ́ wọn lọ́wọ́, torí nígbà yẹn òfin Amẹ́ríkà ò fẹ́ kí ètò tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ààbò jáde kúrò nílẹ̀ wọn bó ṣe wù ú. Ọ̀dọ̀ àwọn OpenBSD yìí náà ni OpenSSH ti jáde lọ́dún 1999, òun sì ni àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà kárí ayé fi ń wọnú ẹ̀rọ tó wà lọ́nà jíjìn. Èyí tó dùn mọ́ mọ́mì mi nínú jù ni ti oṣù kìíní 2014, nígbà tí wọ́n kéde fáyé gbọ́ pé àwọn ń wá 20,000 dọ́là láti fi san owó iná mànàmáná àwọn ẹ̀rọ wọn. Mọ́mì ní, "Àṣé kì í ṣe NEPA nìkan!"

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Flọ́pì fúnra rẹ̀ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Sony, tó gbé oríṣi ínǹṣì 3.5 yìí jáde, ti dáwọ́ títà rẹ̀ dúró láti 2011, nítorí náà ọ̀pọ̀ èyí tí ẹ máa rí ló ti pẹ́ nílẹ̀. Mẹ́wàá ni mo rà ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta àlòkù, mẹ́fà péré ló dáa. Ẹ wo igun rẹ̀: èyí tí a fẹ́ máa ń ní ihò méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Èyí tó ní ihò kan, ìdajì àyè ló ní. Nínú ihò méjì yẹn, ọ̀kan ní ìlẹ̀kùn kékeré tí ẹ lè fi èékánná tì. Tí ìlẹ̀kùn yẹn bá bo ihò, flọ́pì ṣeé kọ nǹkan sí. Tí ihò bá ṣí sílẹ̀, tí ẹ lè rí òdìkejì, kò ṣeé kọ. Ó ta ko ohun téèyàn máa rò, ẹ ṣọ́ra.

Ti òtútù tún wà, àwa ará Calgary ló sì kàn jù. Ẹ má gbé flọ́pì tàbí kọ̀ǹpútà láti inú gáréèjì tó wà ní -25 wọlé kí ẹ tàn án lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Omi á sẹ̀ sí i lára bó ṣe máa ń sẹ̀ sára gíláàsì ojú àwọn tó ń wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó sùn nínú ilé di ọjọ́ kejì. Afẹ́fẹ́ wa nígbà òtútù sì tún gbẹ débi pé iná kékeré máa ń ta lára wa tí a bá rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fọwọ́ kan irin kan kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà.

Mo lo FreeDOS. Jim Hall ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1994, nígbà tó ṣì ń kọ́ ìmọ̀ físíìsì ní yunifásítì kan ní Wisconsin, torí Microsoft fẹ́ pa MS-DOS tì. Èyí tí wọ́n pè ní 1.3, tó jáde lọ́dún 2022, ṣì ní ẹ̀dà flọ́pì tirẹ̀. Mo yàn án nítorí pé ó lè ka ètò FAT32 tí Windows 98 fi ń to fáìlì.

Mo so ẹ̀rọ flọ́pì USB mọ́ kọ̀ǹpútà wa tuntun tó ń lo Linux, mo ti flọ́pì bọ̀ ọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ló kàn: ẹ mọ orúkọ tí kọ̀ǹpútà fún ẹ̀rọ flọ́pì yẹn. Ẹ tẹ lsblk, ẹ wá èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1.4M. Tiwa jẹ́ /dev/sdb. Tiyín lè yàtọ̀, kọ̀ǹpútà tó ní ihò flọ́pì lára máa ń pè é ní /dev/fd0. Tí ẹ bá ṣi orúkọ pè, tí ẹ kọ ti hard disk, ẹ̀dà flọ́pì máa bo ìbẹ̀rẹ̀ hard disk yín, kò sì ní béèrè bóyá ó dá yín lójú. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ pe àgbàlagbà kan kó bá yín wò ó kí ẹ tó tẹ Enter. Ohun tí mo tẹ̀ nìyí:

sudo dd if=boot.img of=/dev/sdb bs=512

Boot.img ni orúkọ tí mo fún fáìlì tèmi. If ni ibi tí nǹkan ti ń bọ̀, of ni ibi tó ń lọ, bs sì ni ìwọ̀n ohun tó ń bù lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn sector kan. Ẹni tó ń lo Windows á lo irú ètò tí wọ́n ń pè ní RawWrite. Láyé DOS, RAWRITE á kàn béèrè orúkọ fáìlì àti lẹ́tà ẹ̀rọ flọ́pì lọ́wọ́ yín ni, á sì bẹ̀rẹ̀.

Tó bá parí, ẹ yọ flọ́pì, ẹ tún un tì bọ̀ ọ́, kí kọ̀ǹpútà má baà dá yín lóhùn láti inú ohun tó ṣì rántí. Ẹ wá tẹ sudo cmp boot.img /dev/sdb. Tó bá dákẹ́, tí kò sọ nǹkan kan, ó dáa, méjèèjì dọ́gba. Tó bá sọ̀rọ̀, flọ́pì yẹn ti bàjẹ́, ẹ mú òmíì. Mẹ́rin tó bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, ibí ni mo ti mọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí ihò ìlẹ̀kùn kékeré yẹn kí ẹnikẹ́ni má baà kọ nǹkan lé e.

Ó wá kan láptọ́ọ̀pù. Mo tàn án, mo tẹ F2 kí ojú ẹ̀rọ tó yí padà (kọ́kọ́rọ́ yìí máa ń yàtọ̀ láti ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ), mo fi flọ́pì ṣáájú nínú ètò BIOS. Ó dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, A:\> sì yọ. Mo tẹ C:, mo tẹ DIR. Fódà dádì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n DOS ò mọ orúkọ gígùn. Lẹ́tà 8 ló ń gbà, pẹ̀lú 3 lẹ́yìn àmì ìdánudúró. My Documents ti di MYDOCU~1. Nínú rẹ̀ ni mo ti rí ORIKI~1.DOC, ORIKI~2.DOC àti ORIKI~3.DOC. Mo pe dádì. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi, wọ́n kà á sókè, wọn ò sì sọ nǹkan mìíràn.

Mo yọ flọ́pì tó jí ẹ̀rọ, mo fi òfìfo tí mo ti ṣètò sílẹ̀ rọ́pò, mo tẹ COPY C:\MYDOCU~1\ORIKI*.DOC A:. Mi ò kọ ohunkóhun sórí C: rárá, kíkà nìkan ni mo kà á. Ẹni tó bá fẹ́ yọ nǹkan nínú ẹ̀rọ tó ń kú lọ, kó má fi kún ẹrù rẹ̀. Àkọ́kọ́ àti ìkejì wọlé wẹ́rẹ́. Ìkẹta ò wọlé: hard disk ti ní ojú ibi tí kò ṣeé kà mọ́. Ó ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí òun tún gbìyànjú, mo ń tẹ R, mo ń tẹ R. Dádì ti ní ká máa wá sukudiráfà.

Iṣẹ́ ò tíì parí níbẹ̀, apá tó kàn wá jù ní ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá ló kù. Nígbà tí a ṣí ORIKI~1.DOC lórí kọ̀ǹpútà tuntun, kò ṣeé kà. Níbi tó yẹ kí ẹ, ọ àti ṣ wà, àmì àjèjì ló kún ibẹ̀. Láyé yẹn, àga 256 ni kọ̀ǹpútà ní fún gbogbo lẹ́tà, kò sì sí àga fún lẹ́tà Yorùbá tó ní àmì lábẹ́ àti lórí. Àwọn tó ṣe fọ́ńtì Yorùbá wá gbé lẹ́tà wa jókòó sórí àga ẹlòmíì. Nọ́ńbà àga nìkan ni fáìlì rántí. Fọ́ńtì ló mọ ẹni tó jókòó síbẹ̀. Tí fọ́ńtì ò bá sí, onílé àtijọ́ á yọjú. Ìdí nìyí tí mo fi padà sínú C:\WINDOWS\FONTS, tí mo da fọ́ńtì tí dádì lò sórí flọ́pì, èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .TTF. Bí a ṣe gbé e sínú kọ̀ǹpútà tuntun, gbogbo àmì bọ́ sípò. Láìsí àmì, ta ló máa mọ̀ bóyá ọkọ, ọkọ̀ tàbí ọkọ́ ni Màmá Àgbà ń sọ nínú oríkì?

Lóde òní, Unicode ti fún ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, 1EB9. Ọ ní 1ECD, ṣ ní 1E63. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ ò ní nọ́ńbà ẹyọ kan: lẹ́tà kan àti àmì ohùn kan ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀. Èmi àti dádì ń fi Replace pààrọ̀ àmì àtijọ́ sí tuntun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè bí a ṣe ń lọ. A ti ṣe ojú ìwé méjì nínú mẹ́rin.

Flọ́pì tó dáa mẹ́rin ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi, ẹ̀rọ flọ́pì USB náà sì wà lọ́dọ̀ olùkọ́ wa ní gbogbo Sátidé. Ẹni tó bá ní díìsìkì tí wọ́n kọ Yorùbá sí nílé, kó mú un wá. Tó bá jẹ́ inú mọ́tò ló ti sùn mọ́jú, kó kọ́kọ́ jókòó tì í títí kíláàsì á fi parí.